Kite Foil: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Nípa Fífò Lórí Omi

Bí mo bá lọ sí òde àríyá àwa Yorùbá ní Bournemouth tàbí Southampton, ẹnìkan á ṣáà rí fídíò kan lórí fóònù mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí nìyí? Ṣé ẹ̀yin lẹ dúró sófuurufú báyìí?" Èmi ni. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi káìtì sáré lórí omi ní etíkun Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kẹrin sì rèé tí mo ti wà lórí foil. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ẹ bá mi fara dà á.

Kí ni kite foil gan-an?

Gbogbo wa la mọ káìtì ọmọdé, èyí tí a máa ń fi ọ̀rá, ọwọ̀ àti òwú ṣe nígbà ọlidé. Ẹ sọ ọ́ di aṣọ ńlá tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 8 tàbí 12. Ẹ fi okùn tó gùn tó mítà 20 sí 24 so ó mọ́ ọ̀pá ìdarí tí ẹ dì mú lọ́wọ́, kí ẹ wá fi ọ̀pá náà kọ́ ìgbànú líle tó wà ní ìbàdí yín. Káìtì nìyẹn. Foil ni ohun tó wà lábẹ́ pátákó tí ẹ dúró lé: òpó pẹlẹbẹ kan tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, tó ní ìyẹ́ ńlá kan níwájú àti kékeré kan lẹ́yìn, bí ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Bí eré bá ti tó, ìyẹ́ náà á gbé pátákó àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ kúrò lójú omi. Láti ìgbà náà lọ, òpó yẹn àti ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń la omi kọjá.

Báwo ni ìyẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé odindi àgbàlagbà?

Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po bí 800. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ òfuurufú fi nílò ìyẹ́ gbọọrọ, tí foil kò sì nílò rẹ̀. Ìyẹ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò fẹ̀ ju ìwé A4 méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ, ó sì ń gbé èmi tí mo wọn kílò 92.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tòní. Enrico Forlanini, ará Ítálì, ti gbé ọkọ̀ kúrò lójú omi báyìí lórí adágún Maggiore ní 1906. Ní 1919, ọkọ̀ HD-4 tí Alexander Graham Bell, bàbá tẹlifóònù, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ní Kánádà sáré kọjá máìlì 70 ní wákàtí kan. Káìtì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tó lè ja sómi kó sì tún gbéra, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àtinúdá wọn ní 1984. Ó pẹ́ kí foil àti káìtì tó pàdé.

Kí ló dùn nínú rẹ̀ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fi í sílẹ̀?

Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi. Lórí pátákó lásán, omi á máa lu ẹsẹ̀ yín pà, pà, pà, orúnkún á máa gba ìyà ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí foil gbé mi fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, gbogbo ariwo yẹn dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lóru. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ lára okùn. Mo gbọ́ èémí ara mi. Ẹnu yà mí, mo sì ṣubú.

Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó o. Kí pátákó lásán tó gbé ẹni tó tóbi bíi tèmi, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ tó knot 14 tàbí 15 (knot kan jẹ́ bíi kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan). Lórí foil, mo ti jáde nínú knot 9, àwọn tó já fáfá jù mí lọ sì ń jáde nínú 7. Ẹni tó bá ń gbé etíkun Dorset nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Knot 15 ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn òkun á rọra wọlé lọ́wọ́ ọ̀sán. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò mi, máa wo omi, máa retí ohun tí kò ní wá. Ní báyìí, ọ̀sán bẹ́ẹ̀ gan-an ni mò ń tọrọ.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fi tó? Ẹ rántí ọ̀kadà. Lọ́jọ́ tí ewé kò mì rárá, bí ọlọ́kadà bá ti gbéra, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ yín lójú. Eré ló dá afẹ́fẹ́ yẹn. Foil kò ní omi púpọ̀ tó ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà ó ń sáré. Bó ti ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń kan káìtì ń pọ̀ sí i. Bí ìyẹn ti ń pọ̀ sí i, káìtì ń fà sí i. Ẹni tó gbéra nínú knot 9 lè bá ara rẹ̀ lórí eré knot 15. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá apá kan nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ìdí kan ṣoṣo, ohun tí màá mú ni pé kì í tán. Ẹni tó mọ mọ́tò wà ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn; ogún ọdún lẹ́yìn náà, wíwà kan náà ló ṣì ń wà á. Foil kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ìpele kan, èyí tó kàn á sọ yín di ọmọ ọwọ́ padà, ẹ ó tún máa ṣubú bí ọjọ́ kìíní, inú yín á sì dùn sí i, torí ẹ ti mọ̀ pé ìṣubú náà lópin. Bàbá kan wà tí a jọ máa ń pàdé ní Portland Harbour, èbúté kan ní Dorset, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo ti rí i tó lo odindi ọ̀sán kan lórí yíyí ẹyọ kan, sápá òsì nìkan. Nígbà tó jáde lómi, ńṣe lojú rẹ̀ ń dán.

Kí lèèyàn ń kọ́ ṣáájú, kí ló sì tẹ̀lé e?

Káìtì ló ṣáájú. Ẹni tó bá ṣì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó mọ ibi tí káìtì wà, kò tíì yá fún foil.

Orí ilẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú káìtì kékeré. Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ojú ọ̀run tó wà níwájú yín ṣe ojú aago: 12 ni òkè orí yín gan-an, 9 wà lápá òsì nítòsí ilẹ̀, 3 wà lápá ọ̀tún. Bí káìtì bá wà ní 12, kì í fà púpọ̀. Bó bá já wá sí àárín, níwájú yín gan-an, ibẹ̀ lagbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń gbé ẹni tí kò fura sọnù. Olùkọ́ gidi á jẹ́ kí ẹ tú káìtì sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ìtúsílẹ̀ wà láìwò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ó wọ omi láìsí pátákó, kí káìtì máa wọ́ yín lórí ikùn. Àwọn kan máa ń kánjú kúrò níbí, àṣìṣe sì ni, torí ọ̀nà yìí lẹ ó fi máa padà lọ bá pátákó yín lọ́jọ́ tó bá sọnù sókè afẹ́fẹ́. Pátákó lásán ló kàn: dídìde láti inú omi, sísáré, àti lílọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kí ẹ lè padà síbi tí ẹ ti gbéra. Ẹni tó bá ti ń padà síbi tó ti gbéra láìfẹsẹ̀ rìn létí òkun ló tó gun foil.

Lórí foil, ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí ẹ má fò. Ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, kí pátákó máa sáré lórí omi bíi ti tẹ́lẹ̀. Òpó kúkúrú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 45 tàbí 60, nítorí ibi tí ẹ ó ti ṣubú kò ga. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ gbé ìwúwo kúrò lára ẹsẹ̀ iwájú díẹ̀, kí ó gbé yín fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà. Gbé e, tẹ̀ ẹ́. Gbé e, tẹ̀ ẹ́. Méjì á di márùn-ún, márùn-ún á di ogún, títí ẹ ó fi rí i pé ẹ ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí.

Yíyí ló tẹ̀lé e, àtimáa pààrọ̀ ẹsẹ̀ láìjẹ́ kí pátákó kan omi. Ibí lọ̀pọ̀ ti máa ń há fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yíyí gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá, èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín. Àwọn kan gba ọ̀nà eré, àwọn kan ń fò sókè. Èmi fẹ́ràn ìgbì. Foil kò nílò kí ìgbì fọ́ kó tó gbé e. Ìgbì tó kàn ń wú lọ lójú omi náà ti tó. Ẹ ó jẹ́ kí káìtì dẹ̀ lókè, òkun fúnra rẹ̀ á sì máa gbé yín lọ.

Ibo ló le jù?

Ìgbà tí ó bá kọ́kọ́ gbé yín. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìyẹ́ fi ń gbéni sókè á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí pátákó bá sì ti kúrò lójú omi, ohun tó ń fà á sẹ́yìn ti lọ nìyẹn, eré á tún pọ̀ sí i, foil á tún gòkè sí i. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, ìyẹ́ iwájú á yọ jáde lójú omi, á fa afẹ́fẹ́ sára, agbára rẹ̀ á tán lójijì, pátákó á sì já lulẹ̀ pẹ̀lú yín. Gbogbo èyí lè má ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Ohun tó mú kó burú ni pé ara máa ń ṣe òdì. Bí ẹ̀rù bá bà yín pé ẹ ti ga jù, ara á fẹ́ sá sẹ́yìn. Sísá sẹ́yìn yẹn á gbé imú pátákó sókè, ẹ ó sì tún ga sí i. Iwájú tí ẹ̀rù ń bà yín láti lọ ni kí ẹ tẹ̀ sí.

Olùkọ́ mi sọ fún mi títí pé kí n jẹ́ kí orúnkún mi rọ̀, kí n gbójú sókè, kí n má wo ẹsẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ọjọ́ kan tí mo jókòó sétí òkun tí ó ti sú mi, mo rántí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú, bí wọ́n ṣe máa ń ru garawa omi bọ̀ láti ẹ̀rọ láìfọwọ́ dì í mú. Wọ́n kì í wo ilẹ̀. Orí wọn kì í mì. Ìbàdí àti orúnkún ni wọ́n fi ń gba gbogbo gegele ọ̀nà. Mo padà sínú omi bí ẹni tó ru garawa. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fò gba Portland Harbour kọjá láìṣubú. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ kọ́ ọ nìyẹn, ó sì máa ń yé wọn kíá.

Ó máa gbà mí tó ọjọ́ mélòó?

Bí ẹ bá ti mọ káìtì dáadáa, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá sí i kí fífò tó dúró. Mẹ́jọ ni tèmi. Yíyí láìkan omi gbà mí ní ọdún kan gbáko, torí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ní. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra dára ju ọjọ́ mẹ́rin tó jìnnà síra lọ. Ara máa ń gbàgbé.

Ṣé kò léwu?

Ó léwu, mi ò ní purọ́ fún yín. Etí ìyẹ́ foil mú. Mo ní àpá kan lójúgun láti ọjọ́ tí mo ṣubú síwájú tí foil yí sókè lábẹ́ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti mọ̀ pé mò ń ṣubú, mo máa ń ti ara mi jìnnà sí i, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn. Ẹ dé akoto. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn tó ń dáàbò bo àyà. Àwọn tó ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi okùn so foil mọ́ ẹsẹ̀, torí okùn náà ló máa fà á padà wá bá wọn.

Ewu tó ń pani gan-an kò sí lára foil. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí òkun ni. Bí káìtì bá já lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òkun ló ń gbé yín lọ, ilẹ̀ sì ń jìnnà. Ẹ má jáde, bó ti wù kí omi tẹ́jú tó. Ẹ sì wo bí òkun ṣe kún sí. Ní Poole Harbour níbi tí mo ti kọ́ káìtì, omi kò kọjá ìbàdí ní ibi púpọ̀. Ìyẹn dára fún akẹ́kọ̀ọ́, torí ó lè dìde dúró, ṣùgbọ́n òpó sẹ̀ǹtímítà 90 á gbá ilẹ̀ níbẹ̀ bí omi bá ti fà, ẹ̀yin á sì fò kọjá orí pátákó. Ìdí tí mo fi kó lọ sí Portland nìyẹn, níbi tí wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi díje nínú Òlíńpíìkì 2012. Omi ibẹ̀ jìn, odi yí i ká, ìgbì kì í sì í wọlé púpọ̀.

Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì bẹ̀rù omi. Ṣé kí n má wulẹ̀ dán an wò?

Ọmọ ọdún 43 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè agbára apá. Ìgbànú ìbàdí ló ń gba gbogbo ìfà káìtì. Ti ìbẹ̀rù omi ni kí ẹ mú lọ́kàn. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n fi "má lọ sódò" tọ́ dàgbà, àwọn òbí wa sì nídìí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ṣáájú, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, títí ẹ ó fi lè léfòó láìyára mí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ẹni tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ káìtì.

Ṣé wing foil kò ti gba ipò rẹ̀?

Ìyẹn ni ìyẹ́ aṣọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, tí kò ní okùn kankan. Ó rọrùn láti tò, kò nílò àyè lórí iyanrìn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́ tí èèyàn sì tóbi, yóò jìyà kó tó gbéra. Káìtì wà ní mítà 20 lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára ju ti ojú omi lọ, a sì lè jẹ́ kó máa yípo láti wá agbára kún agbára. Nínú knot 9, mo ti wà lójú omi kí àwọn ọ̀rẹ́ mi oníwing tó kúrò lórí orúnkún wọn.

Ṣé lóòótọ́ ló ti wọ Òlíńpíìkì?

Lóòótọ́. Paris 2024 ni ìgbà àkọ́kọ́, Marseille ni wọ́n sì ti ṣe é ní oṣù August. Ellie Aldridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba góòlù àwọn obìnrin, Lauriane Nolot ti ilẹ̀ Faransé ṣe ipò kejì, Annelous Lammerts ti Netherlands ṣe ìkẹta. Láàárín àwọn ọkùnrin, Valentin Bontus ti Austria ló gba góòlù. Austria, tí kò ní òkun! Toni Vodišek ti Slovenia tẹ̀lé e, Max Maeder ti Singapore sì gba idẹ ní ọmọ ọdún 17, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù August gan-an tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń ṣàjọ̀dún òmìnira. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún Singapore nínú ìdíje ojú omi olóìgbòkun.

Eré tí wọ́n ń sá lè kọjá knot 40. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ Marseille fúyẹ́ débi pé gbogbo ìdíje tí wọ́n ṣètò kò lè wáyé. Foil kò nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò rẹ̀.

Ṣé a lè ṣe é ní Èkó?

Ìbéèrè tó sún mọ́ ọkàn mi jù nìyí. Fífi afẹ́fẹ́ rìn lójú omi kì í ṣe àjèjì sí Èkó. Àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà ṣì ń lo ìgbòkun tí wọ́n fi tapólínì àti àpò rán pọ̀, wọ́n sì mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sà yẹn bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti òkun wá sí ilẹ̀, ìhà yẹn sì dára. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra: àríwá ìlà-oòrùn lọyẹ́ ti ń wá, ó sì ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí òkun. Etíkun Atlantic tó ṣí sílẹ̀ gbangba le fún akẹ́kọ̀ọ́, torí ìgbì ibẹ̀ ń fọ́ lu iyanrìn tààrà, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa gbé foil kọjá rẹ̀ láìfarapa. Omi Tarkwa Bay tí odi òkúta dáàbò bò pa rọ́rọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kò jìnnà síbẹ̀. Lórí ọ̀sà, àwọ̀n apẹja àti ewéko tó ń léfòó á máa kọ́ òpó foil. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bá àwọn apẹja àdúgbò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tú káìtì. Iṣẹ́ wọn ló wà lábẹ́ omi yẹn.

Owó ńkọ́?

Kì í ṣe eré olówó kékeré. Ohun èlò àlòkù lẹ máa rà, kí ẹ sì ná owó yín lórí olùkọ́. Òpó alumíníọ̀mù kò wọ́n tó ti carbon, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìyẹ́ iwájú tó tóbi ni kí ẹ rà. Ìyẹ́ tín-ín-rín àwọn olùdíje á kàn máa jù yín nù ni. Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò, ẹ tú gbogbo skúrù, ẹ fi gíríìsì pa wọ́n. Mo fi èyí sílẹ̀ fún oṣù méjì péré, skúrù kan sì gan pa sínú òpó mi títí dòní.

Kí lẹ̀yin fúnra yín ń kọ́ báyìí?

Yíyí gba ojú afẹ́fẹ́, sápá òsì. Apá ọ̀tún ti ń wọlé bí ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ní ti òsì, ẹsẹ̀ mi máa ń pẹ́ díẹ̀, káìtì á ti kọjá orí mi kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti fi téèpù lẹ ojú ìrìnsẹ̀ mélòó kan sórí ilẹ̀ ìdáná, mo máa ń ṣe é níbẹ̀ bí mo bá ń retí kí ìrẹsì jinná. Wọ́n ní knot 11 máa fẹ́ ní Sátidé, láti gúúsù.